Àgbẹ̀ Zaria àti Ìmọ̀ Ìṣètò Iṣẹ́: Bí Àwọn Onímọ̀ Ṣe Dìde Nídìí Tábìlì

Ìlú olódi ni Zaria, tí àwọn Haúsá ń pè ní Birnin Zazzau. Àwọn àgbẹ̀ tí ilé wọn wà nínú odi náà a máa gba Kofar Doka, Kofar Gayan tàbí Kofar Kuyambana jáde lọ sí oko ní ìdájí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti gbé àgbègbè náà rí, ì báà ṣe ní Tudun Wada, ì báà ṣe ní Sabon Gari tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò láyé àwọn òyìnbó, yóò mọ̀ pé òjò ibẹ̀ kò dàbí òjò ilé. Ní Ìbàdàn tàbí ní Oǹdó, oṣù kẹta ni òjò ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè máa rọ̀ títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá. Ní Zaria, oṣù karùn-ún ni ó ń fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nígbà tí yóò bá fi di àárín oṣù kẹwàá, ó ti káńgárá rẹ̀ lọ. Nínú oṣù márùn-ún yẹn ni oúnjẹ ọdún gbogbo gbọ́dọ̀ ti jáde, àfi ti àwọn tí wọ́n bá ní ilẹ̀ àkùrọ̀, èyí tí àwọn onílùú ń pè ní fadama.

Ìgbà kan sì wà nínú oṣù márùn-ún náà tí ó le ju ìyókù lọ. Ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, ọkà bàbà àti jéró ti yọrí, èpò sì ti bá wọn yọrí. Bí ọkọ́ kò bá tètè kan ilẹ̀, èpò ni yóò kórè oko. Àsìkò yìí gan-an ni ìjọba ní kí àgbẹ̀ wá gbin òwú.

Ọ̀rọ̀ òwú náà ti pẹ́. Láti ìgbà tí ojú irin ti gba Zaria kọjá dé Kano ní 1911 ni àwọn aláṣẹ amúnisìn àti àwọn oníṣòwò òwú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fẹ́ kí àgbègbè náà di oko òwú. Ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní Samaru, nítòsí Zaria, ní àwọn ọdún 1920, gbin òwú wò lọ́nà oríṣiríṣi. Ìmọ̀ràn tí ó ti ibẹ̀ jáde kò sì lọ́jú pọ̀: kí àgbẹ̀ tètè gbin òwú, kí ó gbìn ín ní òun nìkan, kí ó má da irúgbìn mìíràn pọ̀ mọ́ ọn, kí ó sì máa fín oògùn apakòkòrò sí i. Nínú oko ìdánwò, òótọ́ ni. Òwú tí a bá tètè gbìn a máa so ju èyí tí a pẹ́ gbìn lọ.

Àwọn àgbẹ̀ gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lọ́dọọdún. Lọ́dọọdún náà ni wọ́n ń pẹ́ gbin òwú, tí wọ́n sì ń dà á pọ̀ mọ́ ẹ̀wà àti nǹkan mìíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń lọ yí ìgbèríko ká rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá ẹjọ́ náà kíá: alágídí ni àgbẹ̀ ilẹ̀ Haúsá, ọ̀nà baba rẹ̀ ni ó fẹ́ máa tọ̀, kò fẹ́ràn iṣẹ́ àṣekára. Irú ẹjọ́ báyìí kì í tán sórí ahọ́n. Ẹni tí a bá ti kà sí ọ̀lẹ, ìkìlọ̀ ni a máa ń kó lọ bá a. A kì í bi í ní ìbéèrè.

Ní 1962 ni Yunifásítì Ahmadu Bello bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ibùdó ìwádìí Samaru sì di ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1960, wọ́n dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún ìwádìí ọrọ̀-ajé ìgbèríko, àjọ Ford Foundation ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ràn án lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ni David Norman. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yan abúlé mẹ́ta ní àgbègbè Zaria: Hanwa, Doka àti Dan Mahawayi. Ìrọ̀rùn tàbí ìnira tí ó wà nínú lílọ láti abúlé dé ìlú ni wọ́n fi ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Hanwa ni ó súnmọ́ ìlú jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ sì ti há ju ti àwọn yòókù lọ.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe ìwádìí náà ni ó yẹ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Wọn kò fi ìwé ìbéèrè kan ṣọwọ́ sí baálé ilé kí wọ́n sì pa dà lọ jókòó de èsì. Àwọn ọmọ ìlú tí wọ́n gbọ́ Haúsá dáadáa ni wọ́n fi sí abúlé kọ̀ọ̀kan. Láti 1966 wọ 1967, fún odidi ọdún kan, àwọn wọ̀nyí ń bẹ agboolé tí wọ́n yàn wò nígbà méjì lọ́sẹ̀. Oko wo ni ẹ lọ láti ìgbà tí a ti rí ara kẹ́yìn? Ta ni ó lọ? Wákàtí mélòó ni ó lò? Ríro ni tàbí gbígbìn? Ọmọ ilé ni ó ṣe é, tàbí alágbàṣe? Èló ni ẹ san? Wọ́n wọn oko, wọ́n sì kọ ohun tí ó jáde nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Ènìyàn lè rántí ohun tí ó ṣe níjẹta. Wákàtí tí ó lò lóko ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, kò sí ẹni tí ó lè sọ ọ́ láìfi irọ́ kún un, bí ó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn.

Nígbà tí wọ́n ṣírò gbogbo rẹ̀ tán, ẹjọ́ yí padà. Wọ́n rí i pé bí ilẹ̀ tí a ń dá bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún, bí 83 nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin irúgbìn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀: jéró pẹ̀lú ọkà bàbà, ọkà bàbà pẹ̀lú ẹ̀pà, òwú pẹ̀lú ẹ̀wà, àwọn mìíràn tó irúgbìn mẹ́rin tàbí márùn-ún lójú oko kan. Ohun tí àwọn òyìnbó oko ìdánwò kà sí rúdurùdu wá di ohun tí ó ní ètò nínú. Owó tí ó ń jáde lórí éékà kan tí a gbin irúgbìn pọ̀ sí ju ti éékà tí a gbin irúgbìn kan ṣoṣo sí lọ ní ìlọ́po kan ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ó gba iṣẹ́ púpọ̀ sí i nínú ọdún, èyí tí kò yani lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí a bá wo oṣù kẹfà àti oṣù keje nìkan, ìgbà tí ọwọ́ há, iṣẹ́ tí ó fi ju ti irúgbìn kan lọ kéré púpọ̀. Jéró a tètè gbó, wọn a kórè rẹ̀ kúrò, ọkà bàbà yóò sì wá gba ilẹ̀ náà títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Ríro kan ṣoṣo ni ó ṣiṣẹ́ fún àwọn méjèèjì.

Ibi tí ọ̀nà ti há wá hàn kedere. Lọ́pọ̀ ibi ní ìgbà náà, ilẹ̀ kọ́ ni ó wọ́n àgbẹ̀ jù lọ. Ọwọ́ tí yóò mú ọkọ́ ní oṣù kẹfà àti keje ni ó wọ́n ọn. Ẹ̀ẹ̀rùn a máa bá ọ̀pọ̀ ọkùnrin nídìí òwò, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ ìlú, tí oko kò ní ohun púpọ̀ tí yóò fi wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ní àsìkò ríro, a kì í rí alágbàṣe pè, bí a bá sì rí i, owó rẹ̀ ti gbówó lórí. Gayya, tí ó dàbí ọ̀wẹ̀ wa, ti ń dín kù. Kwadago tí a ń san owó ojúmọ́ fún, àti jinga tí a ń dá ní iye kan fún odindi iṣẹ́, ni wọ́n ń gbilẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá fi òwú síwájú ní àsìkò yẹn, ọkà tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ ni ó fi sílẹ̀ fún èpò. Òwú kò ṣeé jẹ. Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ó pẹ́ gbin òwú ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ láìmú gègé, ìṣirò náà sì tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ oògùn náà ní ọ̀ràn tirẹ̀. Oògùn tí a ń po mọ́ omi gba ohun tí ó lé ní 200 lítà omi fún hẹ́kítà kan nígbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fẹ́ fín in, a sì ní láti fín in lọ́pọ̀ ìgbà. Ta ni yóò pọn omi náà, láti odò wo? Àwọn tí wọ́n kọ ìmọ̀ràn ní omi ẹ̀rọ lẹ́nu ọ̀nà oko wọn ní Samaru. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, Norman àti àwọn onímọ̀ òwú gbé ẹ̀rọ kékeré tí ń fi bátìrì ṣiṣẹ́ lọ dán wò lóko àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, èyí tí oògùn olóróró rẹ̀ kò fẹ́ omi rárá. Èyí ni ó sọ ìwádìí náà di ohun tí ó wúlò. Láti ìgbà náà lọ, ìbéèrè tí a ń bi irúgbìn tàbí ẹ̀rọ tuntun kò mọ sórí iye tí yóò so. A ní láti bi í bákan náà pé, oṣù wo ni yóò gba ọwọ́ àgbẹ̀? Ìwádìí tí a fi ètò iṣẹ́ agboolé àgbẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ báyìí tàn ká ilẹ̀ ayé ní ìparí àwọn ọdún 1970, Norman sì lọ ń kọ́ni ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà.

Ẹni tí ó bá ka ìròyìn yìí lè máa rò pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ lásán ni. Ẹ̀ka ìmọ̀ kan wà ní àwọn yunifásítì tí ó ń kọ́ni ní bí a ṣe ń ṣètò iṣẹ́ ṣíṣe: bí iṣẹ́ ṣe ń ti ọwọ́ ẹnìkan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn, ibi tí ó ti ń kọ́lẹ̀, iye ọjà tí ó yẹ kí ó wà ní ìpamọ́. Ohun tí Samaru ṣe ní 1966 jẹ́ iṣẹ́ ẹ̀ka ìmọ̀ yìí gan-an, bí wọn kò tilẹ̀ pè é ní orúkọ náà. Ó sì tó ọdún díẹ̀ kí àwọn olùkọ́ tí wọ́n ń jẹ orúkọ náà tó tẹ̀ lé ọ̀nà kan náà.

Ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, ojú ibi iṣẹ́ ni ìmọ̀ yìí ti jáde. Frederick Taylor ti Amẹ́ríkà, tí ìwé rẹ̀ lórí ìṣètò iṣẹ́ jáde ní 1911, dúró ti àwọn tí ń fi ṣọ́bìrì kó ẹrù ní ilé-iṣẹ́ irin, ó sì ka ìwọ̀n tí ṣọ́bìrì kan yẹ kí ó gbé. Ní ilé-iṣẹ́ Hawthorne, nítòsí Chicago, láti 1924 ni wọ́n ti ń wo bí iná yàrá àti àkókò ìsinmi ṣe ń kan iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì ni nǹkan yí padà. Ìṣirò tí ó ran àwọn ọmọ ogun lọ́wọ́, àti kọ̀ǹpútà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mú kí àwọn onímọ̀ jókòó sídìí tábìlì. Wọ́n á fi ìwé ya ilé-iṣẹ́ kan tí kò sí níbì kankan, níbi tí ẹ̀rọ kì í bàjẹ́, tí òṣìṣẹ́ kì í ṣàìsàn, tí iná kì í sì í lọ, wọ́n á wá ṣírò ọ̀nà tí ó dára jù láti darí rẹ̀. Ìṣirò náà dára. Ilé-iṣẹ́ náà ni kò sí.

Ní 1980, ọdún tí ìwé àtìgbàdégbà Journal of Operations Management bẹ̀rẹ̀, Richard Chase yẹ ìwádìí ẹ̀ka ìmọ̀ náà wò nínú rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti ìṣirò ni ó kún inú wọn. Ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn tí ń ṣe iṣẹ́ náà kò tó nǹkan. Ní 1990, Barbara Flynn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ àlàyé lórí bí a ṣe ń ṣe ìwádìí tí a gbé ka orí ohun tí a rí ní ibi iṣẹ́ gidi. Láti ìgbà náà ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Ìwé ìbéèrè tí a fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ni ó kọ́kọ́ gbòde, ó sì ní àléébù tí àwọn ará Samaru ti mọ̀ tipẹ́: ọ̀gá a máa sọ bí ó ṣe yẹ kí iṣẹ́ rí. Bí iṣẹ́ ṣe rí gan-an, àwọn ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn náà ni ìdánwò lójú iṣẹ́ dé. Ní ẹ̀bá ìlú Mumbai ní Íńdíà, láti 2008, Nicholas Bloom àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ilé-iṣẹ́ ahunṣọ 28 tí ó jẹ́ ti oníṣòwò 17. Wọ́n bá òwú tí kò ní àmì lára nínú òkìtì, irinṣẹ́ tí ó fọ́n káàkiri àti ẹ̀rọ tí kò sí ẹni tí ó ń kọ ìgbà tí ó bàjẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ran àwọn kan lọ́wọ́ láti tún ètò ṣe, wọ́n sì fi àwọn yòókù ṣe òṣùwọ̀n. Nínú ọdún kìíní, ohun tí iṣẹ́ ń mú jáde ní ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ fi ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Wọ́n tún pa dà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án: bí ìdajì ètò tuntun náà ni wọ́n ti pa tì, síbẹ̀ wọ́n ṣì sàn ju àwọn tí a kò ràn lọ́wọ́. Ìwádìí tí ó bá gbójú lé ọdún kan ṣoṣo kì bá tí rí ìdajì tí ó ṣubú yìí.

Ní Lomé, olú ìlú Togo, wọ́n fi oníṣòwò kékeré 1,500 dán ẹ̀kọ́ méjì wò. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2017: èrè àwọn tí a kọ́ bí a ti ń fi ojú inú wá ọ̀nà tuntun sínú òwò wọn fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, èyí tí ẹ̀kọ́ ìwé ìṣirò owó tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè bá dọ́gba. Ní orílẹ̀-èdè wa pẹ̀lú, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàrin àwọn oníṣòwò Èkó àti Àbújá, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2022, fi hàn pé ó sàn kí a ran ọlọ́jà lọ́wọ́ láti gba ẹni tí ó mọ̀wé owó tàbí ìpolówó ọjà, ju kí a fi agídí sọ ọlọ́jà fúnra rẹ̀ di akọ̀wé lọ. Èyí bá ohun tí àwọn àgbà mọ̀ mu. Ẹni tí ó mọ ọjà tà lè máà mọ ìwé é kọ.

Ó ku ohun kan tí ìwádìí àwọn ọkùnrin lóko ní Zaria kò rí tó, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nínú agboolé àwọn Mùsùlùmí nílẹ̀ Haúsá, ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé wà nínú kulle, wọn kì í jáde lọ sọ́jà lọ́sàn-án. Ẹni tí ó bá kọjá lójú títì lè rò pé wọn kò ṣe nǹkan kan. Polly Hill kọ̀wé ní 1969 lórí òwò ìkọ̀kọ̀ yìí. Ní àwọn ọdún 1970, Emmy Simmons pa dà lọ sí abúlé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti Norman, ó sì ka iṣẹ́ tí ń lọ lẹ́yìn ògiri: òróró ẹ̀pà àti kulikuli, àkàrà tí wọ́n ń pè ní kosai, fura, àti daddawa tí àwa ń pè ní irú. Obìnrin ń ṣe é nínú ilé, ọmọ ń kiri rẹ̀, owó rẹ̀ sì jẹ́ ti obìnrin náà. Ilé-iṣẹ́ ni agboolé bẹ́ẹ̀, ó ní ohun èlò tí a ń rà wọlé, ó ní iṣẹ́ tí a ń pín, ó ní ọjà tí ń jáde lórí igbá, bí ìwé ìjọba kò tilẹ̀ kà á mọ́ ilé-iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ní Zaria, ní Kano, ní Jos tàbí ní Kaduna, ẹ ní oṣù kẹfà tiyín. Ti onísẹ́ búrẹ́dì lè jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ kan. Ti télọ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó ṣáájú Iléyá tàbí Kérésìmesì. Àkókò yìí ni ìjà máa ń pọ̀ láàrin télọ̀ àti oníbàárà, tí a sì máa ń sọ pé télọ̀ kò mọ òótọ́ sọ. Owó tí ó wọlé ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń kọ sílẹ̀. Wákàtí kì í sí nínú ìwé wọn. Kí a wo ṣọ́ọ̀bù kan tí télọ̀ mẹ́ta ti ń rán agbádá, tí ẹnìkan ṣoṣo sì ń ṣe iṣẹ́ ọnà ọrùn rẹ̀. Bí àwọn mẹ́ta bá ń gé mẹ́fà tí wọ́n sì ń rán an lójúmọ́, tí olọ́nà kò lè parí ju mẹ́rin lọ, agbádá méjì ni yóò máa kù sílẹ̀ lójoojúmọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ ogún, ogójì agbádá ti wà lórí àga tí a kò tíì fọwọ́ kan ọrùn wọn, oníbàárà ogójì sì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá yóò bínú, yóò sì gba télọ̀ kẹrin. Nígbà náà, méjì tí ń kù sílẹ̀ lójúmọ́ yóò di mẹ́rin.